Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé: kí ni ká máa ṣọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà?

Ìyá Àkànní (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ọ̀sẹ̀ 30 ni oyún Àkànní wà nígbà tí mo bí i. Àárín November ni wọ́n dá fún mi, ìbẹ̀rẹ̀ September ló dé. Ó pẹ́ nínú ìnkubétọ̀, ibà pọ́njú mú un, wọ́n gbé e sábẹ́ iná búlúù. Ọlọ́run bá wa ṣe é, a gbé e délé.

Ó ti pé ọdún 5 báyìí, ó sì ti wọ Primary 1. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ń sáré, ó ń kọrin. Àmọ́ gbogbo ìgbà ni olùkọ́ rẹ̀ ń ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní bí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ojú fèrèsé ló máa ń wò. Bí wọ́n bá ní kó mú ìwé jáde, kó ṣí i, kó kọ déètì, yóò mú ìwé jáde, yóò wá jókòó tẹ̀ẹ́. Ìṣirò kì í dúró lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá sì lu ìlù ní àsẹ́ńbìlì àárọ̀, yóò fọwọ́ dí etí, yóò bú sẹ́kún. Wọ́n ti nà án nítorí ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ará ilé ní mo ti kẹ́ ẹ bàjẹ́ nítorí pé ìyà jẹ mí kí n tó rí i gbé dání.

Ṣé bíbí tí mo bí i láìpé oṣù ṣì lè wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ọdún 5? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ṣíṣe?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Àkànní, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àmójútó. Ẹmẹ̀rẹ̀ kọ́. Àlàyé tí ẹ ṣe yìí, bí ẹ bá ṣe é fún dókítà ọmọdé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ bí i.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọpọlọ ọmọ máa ń yára dàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ 35 pàápàá, ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí yóò jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 40. Àkókò yẹn náà ni àwọn fọ́nrán tó so apá ọpọlọ kan mọ́ èkejì ń múlẹ̀, àwọn tí ọmọ yóò fi máa fọkàn sí nǹkan, tí yóò fi máa rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 ti jáde kí iṣẹ́ yẹn tó parí. Ìta ló ti ń parí rẹ̀, láàárín abẹ́rẹ́, iná tí kì í kú, ariwo ẹ̀rọ àti èémí tó ń ségesège. Ó ń parí rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ara rí bíi ti ọmọ tó gbé inú ìyá rẹ̀ pé.

Kí àyà yín má já. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ló ń dàgbà dáadáa, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí àwọn náà ń bímọ tiwọn. Gbogbo ọmọ tó bá dé kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé la kà mọ́ wọn. Ti àwọn tó dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28 ló nira jù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó wà láàárín 28 sí 32, bíi Àkànní. Bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń dínkù. Ní Bìrìtéènì àti Ireland, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1995 ṣáájú ọ̀sẹ̀ 26. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 11, 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìṣòro ìwà tàbí ti ọkàn tí dókítà lè fi orúkọ pè. Láàárín àwọn ọmọ kíláàsì wọn tí oṣù wọn pé, 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ rántí pé àwọn tó kéré jù lọ nìyẹn, Àkànní pẹ́ nínú jù wọ́n lọ. Ẹ sì rántí pé nínú àwọn yẹn náà, èyí tó pọ̀ jù ni kò ní ìṣòro kankan bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń mú kí ojú fo àwọn ọmọ yìí ni pé wọn kì í sábà da kíláàsì rú. Ọkàn wọn ni kì í dúró sójú kan, èyí sì pọ̀ lára wọn ju kí wọ́n máa fò káàkiri lọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rù, wọ́n máa ń ṣàníyàn. Ó máa ń ṣòro fún àwọn mìíràn láti bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ìṣirò máa ń le fún wọn ju ìwé kíkà lọ, nítorí ìṣirò ń fẹ́ kí èèyàn di nǹkan méjì mẹ́ta mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo òjijì sì máa ń dà ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú. Ẹ padà ka ohun tí ẹ kọ lókè, ẹ óò rí Àkànní níbẹ̀. Ẹgba kò lè tún èyí ṣe, torí kì í ṣe pé ó kọ̀ láti ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ àìsàn kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ní ìlú wa níbí, ilé ìwòsàn olùkọ́ni méjì ló wà: ti LAUTECH, àti ti Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist. Ẹ béèrè kílíníìkì àwọn ọmọdé, kí ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n dá yín sílẹ̀ dání.

Alájàpá Kajú

Ohun tí àwa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ọmọ oṣù 7 máa ń gbó ju ọmọ oṣù 8 lọ. Bí Àkànní bá jẹ́ olóṣù 7, ẹ fọkàn balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà sì ń pa ọmọ. Àwọn òbí kan wà tí wọn kì í sáré gbé ọmọ olóṣù 8 wá sọ́dọ̀ wa nítorí wọ́n ti gbà pé kò ní yè. Olóṣù 8 sàn ju olóṣù 7 lọ. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú, àǹfààní rẹ̀ ni.

Olùkọ́ Àkànṣe (Ọ̀yọ́)

Mo kí yín láti Ọ̀yọ́ Aláàfin. Federal College of Education (Special) tó wà nílùú wa níbí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíláàsì.

Ìyá Àkànní, ẹ wo déètì tí ẹ kọ dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ September ló dé, àárín November ló yẹ kó dé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé ọmọ ọdún 6 ló ń wọ Primary 1, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń ṣe: ọmọ tó bá ti pé ọdún 5 kí táámù September tó wọlé, wọ́n á tì í gòkè. Ká ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín ni Àkànní dé, kíláàsì ẹ̀yìn ni ì bá wà báyìí. Òun ló kéré jù ní kíláàsì, òun náà tún ni ọpọlọ rẹ̀ jáde ṣáájú àkókò. Ẹrù méjì ló wà lórí ọmọ kan ṣoṣo, olùkọ́ sì ń fi í wé ọmọ tó fi bí ọdún kan jù ú lọ.

Bí ẹ bá lè bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó tún nursery ṣe fún ọdún kan, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Omi tí kò tíì hó, bí a bá da gàrí sí i, ẹ̀bà yẹn kò ní dì. Kì í ṣe ẹ̀bi gàrí. Àmọ́ n kò sọ pé dídá a padà nìkan yóò yanjú rẹ̀. Ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílò rẹ̀ ní kíláàsì tó wù kó wà, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n dá padà tí olùkọ́ tuntun tún ń nà bíi ti àtijọ́.

Ìrànlọ́wọ́ náà kò gba owó. Kó jókòó níwájú, níbi tó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Kí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀, kó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, kó tó bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan: "Mú ìwé jáde." Ó di ìgbà tó bá ṣe é tán kó tó gbọ́ èyí tó kàn. Kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ tún ohun tí wọ́n rán an sọ. Bí ìṣirò 10 bá wà lójú pátákó, kó ṣe 4, kó dìde lọ pa pátákó rẹ́ tàbí kó pín ìwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó padà wá ṣe ìyókù. Kó máa fọwọ́ kan ohun tó ń kà: ọmọ ayò, ìdérí ìgò, òkúta wẹ́wẹ́. Ní ti ìlù, kí wọ́n máa sọ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó dúró lẹ́yìn díẹ̀, bó bá sì yá kí wọ́n gbé ìlù náà fún un kó lù ú fúnra rẹ̀. Ohùn tó bá ti ọwọ́ ọmọ jáde kì í dẹ́rù bà á tó èyí tó já lù ú.

Nílé, iṣẹ́ rírán ni kí ẹ máa fi kọ́ ọ. Lónìí, "lọ bá mi mú ṣíbí wá". Bó bá ti mọ́ ọn lára, "ṣíbí àti abọ́". Bó bá tún yá, ẹ rán an sí ìyá tó ń ta ata lójúde: ata, àlùbọ́sà, iyọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ayò ọlọ́pọ́n. Ẹ pàlọ́ fún un, kí ẹ dúró láàárín, kí ẹ ní kó sọ ibi tí ìjàpá dé. Ìrántí tó ń yọ́ lórí rẹ̀ ní kíláàsì gan-an ni gbogbo ìwọ̀nyí ń kọ́.

Bàbá Ìbejì (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí wọ̀ mí lára. Ọ̀sẹ̀ 32 ni wọ́n bí àwọn ìbejì wa. Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí méjì. Ọjọ́ orí kan wà láti ọjọ́ tí ọmọ wáyé, òmíràn wà láti ọjọ́ tó yẹ kó wáyé. Tiwa fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú, nítorí náà oṣù méjì la máa ń yọ kúrò. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé oṣù 8 rèé wọn kò tíì jókòó dáadáa, ọmọ oṣù 6 ni wọ́n jẹ́ lójú dókítà, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ka jíjókòó, rírìn àti ọ̀rọ̀ sísọ títí wọn yóò fi pé ọdún 2. Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í sábà yọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ṣọ. Nígbà tí wọ́n ní ká gbé wọn sáyà, ara ìhòòhò mọ́ ara ìhòòhò, ìyàwó mi gbé Táíwò, èmi gbé Kẹ́hìndé. Àwọn kan ní ọkùnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni àwọn dókítà Edgar Rey Sanabria àti Héctor Martínez ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú yìí láàárín 1978 sí 1979, nígbà tí ìnkubétọ̀ kò tó wọn pín. Wọ́n tẹ̀lé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú báyẹn fún ogún ọdún, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n tọ́jú ní ọ̀nà àtijọ́. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà kì í sábà pa ilé ìwé jẹ tó àwọn ìyókù, ìbínú fùfù àti àìlèdúró-sójú-kan wọn sì dínkù. Láti 2022 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ti ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe é fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bá ìṣirò yíyọ yẹn lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an la fi ń ka abẹ́rẹ́. Àwọn òbí máa ń dúró kí ọmọ "pé oṣù" kó tó gbà á, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni àrùn sì máa ń tètè bá jà.

Ìyá Àgbà (Ìsàlẹ̀ Ọrà, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́)

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Ajílété. Wọ́n ka gbogbo ohun tí ẹ sọ sí mi létí. Nígbà tiwa, òwú la fi ń wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá ààrò la ń tẹ́ wọn sí kí òtútù má baà gbé wọn lọ. Èyí tó yè nínú wọn, a ò mọ̀ pé ó yẹ ká tún máa ṣọ́ wọn lẹ́yìn ìyẹn. A kàn ń pè wọ́n ní olóríkunkun.

Ìyá Àkànní, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé èmi tí mo ti tọ́ ọmọ, tí mo tọ́ ọmọ-ọmọ, ni mo ní kí wọ́n má pe ọmọ yẹn ní ẹmẹ̀rẹ̀ mọ́. Orúkọ máa ń ro ọmọ. Ẹ máa kì í. Ẹ fún un ní oríkì, ẹ ò sì kì í tán. Láràárọ̀ tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ mú un lójú, ẹ kì í láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ kì í dé orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ tí a bá ń kì yóò tẹ́tí, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé a ṣì lè máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bá wẹ̀ ẹ́ tán? Àti káńfò, ṣé ẹ ṣì ń fi sáàárín aṣọ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá wa, ẹ ó pẹ́ fún wa o. Oríkì tí ẹ dárúkọ yẹn, bí mo bá láṣẹ, inú ìwé ìtọ́jú ni ǹ bá kọ ọ́ sí. Iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń wò ó lójú wà lára ohun tó ń kọ́ ọpọlọ rẹ̀ ní èdè jù. Mo tún fẹ́ kí àwọn ìyá wa òde òní gbọ́ èyí: èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kí ẹ fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń fi gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹlifíṣọ̀n ló sì máa ń gba ipò rẹ̀.

Ní ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínà, ẹ máa fi òróró ra á lára jẹ́jẹ́, kò burú bí ara rẹ̀ bá ti lágbára tí dókítà sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fa ọwọ́ rẹ̀ gbé e sókè, ẹ má ju ú sókè, ẹ má gbé e ní orí. Ọrùn àti egungun rẹ̀ kò tíì gbó, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀ sì tètè ń já. Yàrá tó móoru ni kí ẹ ti wẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣe é kíákíá, kí ẹ nù ún gbẹ.

Káńfò, ìyá wa, ẹ dákun, rárá. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tó ń dáàbò bò ó, tí à ń pè ní G6PD, tó, ó sì pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin wa. Òórùn káńfò máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ibà pọ́njú á sì le débi tí yóò wọ ọpọlọ lọ. Etí dídi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó le gbagidi, ọ̀rọ̀ tí kò yọ: púpọ̀ nínú ohun tí à ń rí lára ọmọ ọdún 3 tàbí 4, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti wá. Àgbo gíri tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò náà wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970: ó máa ń fa ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀, ọpọlọ kì í sì í fara da ìyẹn pẹ́. Bí gíri bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e wá.

Ìyá Fẹ́mi (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ọ̀rọ̀ etí tí nọ́ọ̀sì sọ ló mú mi wọlé. Ọ̀sẹ̀ 29 ni Fẹ́mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa níbi tí wọ́n ti dá wa sílẹ̀ pé ká yẹ etí rẹ̀ wò. Bó bá ti ń wo ẹnu mi, ó ń gbọ́ mi. Bó bá kẹ̀yìn sí mi, kò ní dáhùn. Gbogbo ilé ní ó gbọ́, ó ń ṣorí kunkun ni. Ó ti lé ní ọdún 3 kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní etí òsì kò gbọ́ dáadáa, ọ̀tún kò pé. Ìnkubétọ̀ tó pẹ́ nínú rẹ̀, ibà pọ́njú, àwọn abẹ́rẹ́ kòkòrò kan tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là, gbogbo rẹ̀ ló lè kóbá etí. Ẹ̀rọ etí ló ń lò báyìí, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ sì ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Kò dákẹ́ mọ́!

Ẹ má dúró de ẹni tí yóò sọ fún yín. Ẹ béèrè fúnra yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ àti ẹbí, ẹ wo ìyá náà pẹ̀lú. Ìbẹ̀rù tí mo kó sára ní wọ́ọ̀dù yẹn kò lọ kíákíá. Mo máa ń dìde lóru wá gbé ọwọ́ sí àyà ọmọ mi bóyá ó ń mí, nígbà tó ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà ló sọ fún mi pé ó ní ìtọ́jú, mo sì gbà á.

Físíò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Iṣẹ́ mi ni fífi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Ọ̀rọ̀ mi wà fún àwọn tí ọmọ wọn ṣì kéré. Ẹ fi ọjọ́ orí tí ẹ ti yọ oṣù kúrò nínú rẹ̀ kà á, bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ. Bó bá ti lé ní oṣù 4 tó ṣì ń di ẹ̀ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí itan rẹ̀ bá le tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbera kọjá bí ẹ bá gbé e nàró. Bí kò bá lè jókòó fúnra rẹ̀ ní oṣù 9. Bó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan (ẹ má yọ̀ pé alọ́wọ́ òsì ni). Bí kò bá rìn ní oṣù 18: ẹ gbé e wá. Ẹ má sìn ín mọ́ yẹ̀pẹ̀, ẹ má sì ra wọ́kà onítáyà fún un, kò kọ́ ọmọ ní ìrìn. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀ wà tí a lè ṣe.

Ìyá Àkànní (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, mo sì ka ti Ìyá Àgbà fún ìyá wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. A ti gba ọjọ́ fún etí àti ojú. Olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún un kó má dà bíi pé mo wá bá a jà?

Olùkọ́ Àkànṣe (Ọ̀yọ́)

Ẹ kọ ọ́, kó máa wà nínú fáìlì rẹ̀, kí olùkọ́ ọdún tó ń bọ̀ náà lè rí i. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Bí èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa, Olùkọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 30 ni mo bí Àkànní, ó fi ọ̀sẹ̀ 10 ṣáájú. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kí ọkàn wọn tó dúró sójú kan, ariwo sì máa ń dà wọ́n láàmú. Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú, kí ẹ máa rán an ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì nà án nítorí iṣẹ́ tí kò parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ohun tó bá ṣe dáadáa sínú ìwé rẹ̀ fún mi, kí n lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ń bọ̀ wá kí yín ní ìparí oṣù."

Gbólóhùn tó ní kó kọ ohun tí ọmọ ṣe dáadáa yẹn, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Olùkọ́ tó bá ń wá ohun rere tí yóò kọ, ojú mìíràn ni yóò fi máa wo ọmọ náà.

Ìyá Tuntun (Arówómọlẹ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá èmi àti ọmọ mi sílẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ 33 ni mo bí i. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Kí ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Àbúrò mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀rù kò yẹ yín. Ọ̀sẹ̀ 33 dára, púpọ̀ nínú wọn ni kì í ní ìṣòro ńlá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé e sáyà lọ́sàn-án lóru, kí ẹ ṣẹ́pò pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Wàrà yín nìkan ni kó máa mu, kò sí omi, kò sí àgbo. Bí kò bá lè fa ọmú dáadáa, ẹ fún wàrà náà sínú ife kékeré tó mọ́, kí ẹ fi ife fún un jẹ́jẹ́. Ẹ má fo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà bá kọ fún un, nítorí èròjà irin (iron) tó yẹ kó gbà lára yín ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oyún kò dé ara rẹ̀, àìtó rẹ̀ sì máa ń kó bá ẹ̀kọ́ kíkọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn ojú wọn wò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n máa ń ṣe é, bí ó bá sì kọjá àsìkò, ojú lè fọ́ pátápátá. Ẹ gba ọjọ́ àyẹ̀wò etí náà.

Bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá tutù tí kò móoru láyà yín, bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tí èémí rẹ̀ ń dúró, bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi pupa ẹyin, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé e wá.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ bí i àti ìwọ̀n rẹ̀ síwájú, ẹ fi bírò kọ ọ́ lónìí, kí ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi dá yín sílẹ̀ sórí fóònù yín àti ti bàbá rẹ̀. Ìwé máa ń sọnù, dókítà tí yóò sì rí i ní ọdún 4 sí i kì í ṣe èyí tó rí i lónìí.